Ọdún tí Ìyá Lánrewájú Wọ Ilé Wa

Ọmọ àbúrò mi ló fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ lórí Wọ́sáàpù, kò bi mí, kò sọ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo kàn ń jókòó síwájú ilé mi ní Ṣàgámù tí mò ń bá àwọn ọlọ́kadà jà, ó yẹ kí n rí ibòmíràn tí n ó ti máa jà. Kò purọ́ mọ́ mi. Mo fẹ́ràn iyàn jíjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi àgékúrú fíìmù Ìyá Lánrewájú ránṣẹ́ síbẹ̀, ibi tí obìnrin náà ti ń fún ọmọ ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu, ni ọ̀rọ̀ bá di ti ariwo. Ẹnì kan ní òun kò lè sùn lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ wò ó. Òmíràn ní ìkà pọ́ńbélé ni obìnrin náà, kò sí àlàyé kankan fún un. Ọmọkùnrin kan tó ní òun ń kọ́ nípa fíìmù ní yunifásítì ní kì í ṣe obìnrin yẹn ni ìkà, ọkọ rẹ̀ ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun Àṣárì. Èmi náà tẹ ìlà mẹ́rin, mo kà á, mo sì pa á rẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, lábẹ́ páànù tí a ti ń bó obì nílé bàbá mi, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ wa tí a kò rí gbà padà.

Fún ẹni tí kò bá mọ fíìmù náà, ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ìyálé ni Ìyá Lánrewájú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Lánrewájú, ìgbóná eéyi ló pa á. Wọn kò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ọmọ náà tí ọkọ rẹ̀ fi mú ìyàwó tuntun wọlé. Ìyàwó bímọ mẹ́ta, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá sì ti já lẹ́nu ọmú, ìyálé á gbà á tọ́, á tọ́jú rẹ̀ bí ojú, á sì fi májèlé sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Àwọn ìkà inú fíìmù ìgbà náà a máa rẹ́rìn-ín burúkú, wọn a máa kun ojú dúdú. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín. Ó máa ń fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu ọmọ náà, á ní, "Mu ún tán, olówó orí mi." Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ la ń wò, kò sí akọni mìíràn nínú fíìmù náà, kò sì sí ọlọ́pàá tó wá mú un níparí. Ó fọ abọ́, ó da omi rẹ̀ nù, ó parí. Orúkọ mìíràn wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ṣàgámù. Fíìmù Ìyá Lánrewájú ni.

Obì gbànja ni bàbá mi ń tà, bí bàbá tirẹ̀ náà ti tà á. Yóò ra ti àwọn oko ẹ̀yìn Ìsarà àti Àkáká jọ, yóò kó o lọ sí Òkè Ọya, a lè má rí i tó oṣù kan. Ilé wa kò pa lọ́lọ́ rí. Ọkọ̀ akẹ́rù ní ń jí wa, àwọn tó ń já ẹrù á máa pariwo "ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, dúró", lẹ́yìn náà ni ìró agbọ̀n tí wọ́n ń jù sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tó ń bó obì á bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n á máa kí ara wọn láti ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ obì kì í ṣe iṣẹ́ agbára, iṣẹ́ sùúrù ni. A ó ti rẹ ẹ́ sómi, a ó máa fi ìka bó awọ funfun ara rẹ̀, a ó ṣan án, a ó ṣà á: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti dá lu lọ́tọ̀. Tí a bá ṣe tán, a ó to ewé tútù sínú agbọ̀n, a ó kó obì sí i, a ó dì í. Gbogbo ìka wa ló pọ́n bí ẹni tó lé làálì. Òórùn ibẹ̀, òórùn awọ obì tó ń rà díẹ̀díẹ̀ nínú omi, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, inú mi á sì dùn láìnídìí. Nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹnu kì í dí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan ní ìlú tí wọn kì í bó mọ́ obì níbẹ̀.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá Àgbà ni ìyálé, ìyá mi ni ìyàwó. Ìyá Àgbà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, èdè Rẹ́mọ ògidì ló sì ń sọ. Kì í pe ilé ní ilé, "ulé" ló máa ń pè é, àwa ọmọ á sì máa sín in jẹ lẹ́yìn. Ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n fi ń dáná. Bí ó bá di ọjọ́ Ìyá Àgbà, a ó ti mọ̀ láti ọ̀sán, nítorí ìró ewùrà tó ń rìn lára irin ìrẹ́wùrà. Kò sí ẹni tó ń se ìkọ́kọrẹ́ bíi tirẹ̀. Á rò ó pọ̀ mọ́ epo, á fi ẹja gbígbẹ sí i, á jẹ́ kó dì díẹ̀ kó tó bù ú, a ó wá fi ẹ̀bà àná tó ti tutù jẹ ẹ́. Mo ti jẹun ní ilé ọlọ́lá, mo ti jẹun ní ilé ìtura ní Èkó, n kò tíì rí ohun tó dà bí ìkọ́kọrẹ́ yẹn. Àṣà kan sì wà nílé wa tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi: ọmọ tí ìyàwó bá bí, bó bá ti já lẹ́nu ọmú, yàrá ìyálé ló ń lọ. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ọwọ́ ìyálé ni yóò ti máa jẹun, títí yóò fi gbọ́njú. Wọ́n ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ilé ya sí méjì. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ, àwọn àbúrò mi méjì tẹ̀lé mi. Lórí ẹní kan náà ni àwa mẹ́ta ń sùn lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí a bá sì sunkún lóru, orúkọ rẹ̀ là ń pè. Oríkì mi ló fi ń pè mí, Àṣàkẹ́. Ìyá mi ló ń pè mí ní Sàfú.

Ọdún yẹn ni bàbá mi ra fídíò. Ó gbé e dé láti Òkè Ọya nínú páálí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àyàfi Àǹtí Risi, àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé mẹ́wàá tó sì ń retí iṣẹ́. Ọ̀sán Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun dé, ni Àǹtí Risi máa ń lọ yá kásẹ́ẹ̀tì wá. Àwọn tó ń bó obì náà kì í lọ sílé wọn mọ́. A ó kún pálọ̀, àwọn ọmọdé níwájú, àwọn àgbà lórí àga, jẹnẹrétọ̀ á máa dún lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ tí ó mú Ìyá Lánrewájú wá, mo rántí pé nígbà tó parí, ẹnikẹ́ni kò dìde. Àǹtí Risi pa tẹlifíṣọ̀n, a sì ń wo gíláàsì rẹ̀ tó ti dúdú. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ kírun."

Lọ́jọ́ Sátidé, lábẹ́ páànù, ẹnu ṣí. Àǹtí Risi ti há gbogbo rẹ̀ sórí, ó ń fi ohùn obìnrin náà sọ ọ́. Ó ní, "Ibi tó ti ń nu ẹnu ọmọ yẹn ló pa mí. Ẹ̀ ń nu ẹnu ọmọ tí ẹ̀ ń pa."

Ìyá Sìkírá, ọmọ Àkáká tó lọ́kọ sí ìlú wa, ló jókòó sí ìdí agbọ̀n tó kángun sí ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Àjẹ́ ni. Kí la tún ń bi ara wa?"

"Kì í ṣe àjẹ́," Àǹtí Risi dá a lóhùn. "Kò fò, kò bá ẹnikẹ́ni lójú oorun. Èèyàn bíi tèmi tiyín ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Bíi tìẹ nìkan. Má fi tèmi kún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ni kò yé òun, ọmọ àkọ́kọ́ kú, èkejì kú, ó tún gbé ẹ̀kẹta kalẹ̀. Ìyá Sìkírá ní kò gbọ́n ni, ọ̀nà ọ̀fun ọ̀nà ọ̀run, ká ní òun ni, òkèlè kìíní ni òun ì bá máa jù fún adìẹ. Bí adìẹ bá ta gìrì tó kú, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré títí, wọ́n bú ọkọ, wọ́n bú ìyàwó, wọ́n bú Ìyá Lánrewájú títí dé ìyá tó bí i. Èmi ń ṣa obì pupa sọ́tọ̀, etí mi sì nà bí ti ehoro.

Ìyá Àgbà ti ń bó obì láti àárọ̀ láìfọhùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú Lánrewájú jáde, ta ló jókòó ti ìyá rẹ̀?"

Ó ju obì ọwọ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Gbogbo ilé ló lọ pàdé ìyàwó. Òun nìkan ló wà ní yàrá tó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Mo mọ aṣọ kíká yẹn. Ohun tó padà ṣe burú, ọmọ ọlọ́mọ kò mọ nǹkan kan, n kò ní í sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n n kò lè bá yín bú u."

Ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí ọmọ yunifásítì kọ sórí Wọ́sáàpù lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, tí ọgọ́rùn-ún èèyàn fi ń pàtẹ́wọ́ fún un pé ó jinlẹ̀. Lábẹ́ páànù tiwa, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá Àgbà rí ohun tó rí nínú fíìmù náà, ó sì sọ ọ́ láìbò. Àwọn tó gbọ́ ọ kò mú gbogbo rẹ̀ lọ sílé. "N kò lè bá yín bú u" nìkan ni wọ́n mú lọ.

Ìyá mi ń tọ́ àbúrò mi kékeré lọ́wọ́ nígbà náà, Mùfú. Ó ti ń rìn, ó ti ń pe orúkọ gbogbo wa, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí yóò já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn Iléyá. Ìyá Àgbà ti ran ìrọ̀rí kékeré kan fún un, ó fi àjákù aṣọ àǹkárá ṣe é, ó ń sá a sóòrùn. Iléyá kọjá. Ìyá mi ní ikọ́ ń ṣe ọmọ náà. Ikọ́ lọ. Ó ní ojú ọjọ́ kò dára. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ pọn omi, mo bá òun àti Ìyá Sìkírá létí kànga, wọn kò rí mi. Ìyá Sìkírá ń sọ pé, "Mi ò ní ẹnikẹ́ni ń ṣe nǹkan o, Ìyá Sàfú. Mo kàn ní, ẹni tí kò lè bú ìkà, kí la ó pe olúwa rẹ̀? Ọmọ mẹ́ta lo ti kó fún un. Ṣé dandan ni kí ẹ̀kẹrin lọ ni?" Ìyá mi fara ti ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó wo inú kànga bí ẹni tí nǹkan bọ́ sí i. Mo dúró dè é kó sọ pé irọ́ ni, kò sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí, ó ní bí Ìyá Àgbà bá bu oúnjẹ fún mi, kí n máa gbé e wá jẹ níwájú òun. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í béèrè ìdí tó bá ti mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà, kí ẹnikẹ́ni má ṣi ìyẹn gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá mi lọ, mo sì ń wò ó lóru bó ti ń mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ mẹ́ta tó kú nínú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn ìyálé ìyá wọn. Nítorí náà, bí ó bá ti gbé abọ́ fún mi, n ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, n ó ju òkèlè kìíní fún adìẹ òpìpì kan tó máa ń jẹ̀ níbẹ̀, n ó jókòó lórí òkúta, n ó ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún. Bí adìẹ kò bá kú, n ó gbé abọ́ mi lọ jẹ níwájú ìyá mi. Mo ṣe é lọ́jọ́ kìíní, mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe é fún àwọn àbúrò mi náà, mo ní kí wọ́n dúró kí n kà á tán. Adìẹ náà sanra. Ó wá mọ àkókò oúnjẹ wa dáadáa, á ti máa dúró dè mí létí òkúta.

Ọjọ́ ìkọ́kọrẹ́ ni ọwọ́ bà mí. Mo ti ju òkèlè, mo ti ka dé ogójì, mo wá gbọ́ tí ẹnì kan mí lẹ́yìn mi. Ìyá Àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgbakọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, kí lò ń dúró dè?"

N kò mọ irọ́ pa nígbà náà. Mo ní, "Mò ń wò ó bóyá adìẹ máa kú ni, mà."

"Kí ló máa pa á?"

Mo wolẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, Ìyá Sìkírá ló ní ohun tó yẹ kí ìyàwó inú fíìmù ti ṣe nìyẹn. Ìyá Àgbà fa àpótí kan, ó jókòó. Kò bínú, tàbí ká sọ pé n kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Àwa méjèèjì jọ ń wo adìẹ náà. Ó jẹ tiẹ̀ tán, ó fi ẹnu nulẹ̀, ó tún wá sọ́dọ̀ mi pé kí n ju òmíràn. Ìyá Àgbà ní, "Kò kú."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ó dáa. Máa jẹun rẹ." Mo sì jẹun. Èyí ló máa ń dùn mí jù tí mo bá rántí. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo lá ọwọ́ mi, inú mi dùn pé kò nà mí. Ó jókòó níbẹ̀ títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọlé. N kò mọ̀ pé ìyẹn ni abọ́ ìkẹyìn tí n ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ṣì jẹ́ ọjọ́ rẹ̀ láti dáná, ṣùgbọ́n iná kò jó. Bàbá mi wà ní Òkè Ọya. Ìyá mi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, èmi tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyálé mi, ṣé ara le?"

Ìyá Àgbà dáhùn láti inú yàrá pé, "Ara le, Ìyàwó. Ọwọ́ mi ni ẹ̀ ń fura sí, mo ti ká a mọ́ra." Ó wá sọ ohun tó rí fún un, ọ̀rọ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ìyá mi dìde, ó fà mí dé yàrá tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí, ọwọ́ náà dúró lókè, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ni òun jẹ̀bi, òun ni àgbà. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa rí nílé náà: pé Ìyá Àgbà bí ọmọ mẹ́rin, kò sí èyí tó pé ọdún mẹ́ta nínú wọn. Pé lẹ́yìn tí wọ́n sin ìkẹrin ni ẹbí bàbá mi wá tọrọ òun, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló sì bu omi sí òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí òun wọlé ìyàwó. Pé èmi yìí, oṣù kò pé tí wọ́n fi bí mi, n kò lè fa ọmú, Ìyá Àgbà ló ń fi òwú kán wàrà sí mi lẹ́nu lọ́sàn-án àti lóru títí ẹnu mi fi le. Ó ní, "Mo mọ gbogbo èyí, Sàfú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyá Sìkírá gbọ́." Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ti wà lọ́jọ́ náà lọ báyìí, n kò sì lè bá a wí púpọ̀. Ẹ̀rù ọmọ kì í jẹ́ kí abiyamọ ronú.

Lẹ́yìn ìrun Àílà ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo àwọn tó ń bó obì ti jókòó, ìyá mi gbé Mùfú jáde. Ó ká ẹní ọmọ náà sí abẹ́ apá, ó kó aṣọ rẹ̀ àti kọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú abọ́ kan. Ó lọ sí iwájú Ìyá Àgbà, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn lórí èèpo obì. Ó ní, "Ìyálé mi, ọmọ yín nìyí. Ẹ má wo tèmi. Ẹ gbà á." Kò sí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ lábẹ́ páànù. Àǹtí Risi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Sìkírá kó ojú sínú agbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, ẹnu mi ló ṣẹ̀."

Ìyá Àgbà kò gbójú sókè. Ó ní, "Má bẹ̀ mí, Ìyá Sìkírá. Ẹnu lo fi sọ̀rọ̀, ẹnu la fi ń sọ ọ́." Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ nínú omi obì, ó nù ún, ó na apá, Mùfú sì bọ́ sí i lọ́rùn bó ti máa ń ṣe. Ó wá yíjú sí ìyá mi. Ó ní, "Yóò sùn lọ́dọ̀ mi. N ó wẹ̀ ẹ́, n ó pọ̀n ọ́n, bí ó bá ń sunkún n ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n kò ní í jẹun lọ́wọ́ mi. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ìwọ ni wàá máa wá fún un ní oúnjẹ."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá mi dé, òun náà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pe àwọn àgbà ẹbí láti Màkún, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà fún wọn ní omi, ó fún wọn lóbì, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Kò sì bínú lóòótọ́. Ilé padà sí bó ti wà, tàbí ẹni tó bá wọlé á rò bẹ́ẹ̀. Fíìmù ṣì ń wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣì ń jà sí i lábẹ́ páànù, Ìyá Sìkírá ṣì ń sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ojú Ìyá Àgbà kó tó sọ ọ́ ni. Àwa mẹ́rin wà lórí ẹní ní yàrá rẹ̀. Ó ń di irun mi, ó ń pa ààlọ́ fún wa títí oorun á fi gbé òun gan-an lọ, a ó sì máa jí i pé kó parí rẹ̀. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún yẹn, òun ló ń fi aṣọ tútù nu ara mi. Mo láyọ̀ ní ilé yẹn, n kò ní í purọ́ pé n kò láyọ̀. Ó ṣì ń dáná ní ọjọ́ rẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jinná, yóò gbé ìgbakọ lé orí ìkòkò, yóò yọ sẹ́yìn, yóò ké pe ìyá mi: "Ìyàwó, wá bù fún àwọn ọmọ rẹ." Tẹ́lẹ̀, "àwọn ọmọ mi" ló máa ń sọ.

Mo lọ́kọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kò jìnnà, mo sì bí Àmínátù. Bàbá mi ti kú nígbà náà, iṣẹ́ obì ti dín kù, ojú Ìyá Àgbà náà kò ríran dáadáa mọ́. Ọjọ́ tí mo já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, n kò bi ìyá ọkọ mi, n kò bi ìyá mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, mo gbé e lọ sí yàrá Ìyá Àgbà. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi kí n tó fọhùn. Ó gba ọmọ náà, ó fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀ kiri, imú, etí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó jọ mi. Mo ti se ògì wá nínú fúláàsì. Mo bù ú sínú abọ́, mo kúnlẹ̀, mo fi abọ́ àti ṣíbí lé e lọ́wọ́.

Ó dì í mú. Ó pẹ́ tó dì í mú. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ dárí jì mí. Ọmọdé ló ń ṣe mí."

Ó ní, "Àṣàkẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni mo ti dárí jì ẹ́. Kí ni mo fẹ́ máa bá ọmọdé ṣe? Ọkàn mi ti gbà. Ọwọ́ mi ni kò gbà."

Àmínátù jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti lanu, ojú rẹ̀ ló ń wò pé kó fún òun. Ìyá Àgbà wá ọwọ́ mi rí, ó fi ṣíbí náà sí i, ó sì fi ìka mi pa á dé.